Akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gba oyè yunifásítì rí. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí orúkọ yìí ti wọ inú òfin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ló tún wá láti ilé tí owó kò ti pọ̀. Nítorí náà, ìṣòro méjì ni wọ́n ń gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: àìtó owó, àti àìsí ẹni nínú ilé tí ó ti rin ọ̀nà náà rí. Àwọn ìwádìí ti fi hàn pé wíwọlé sí yunifásítì kì í ṣe ibi tí wàhálà wọn parí sí. Àwọn tó ń wọlé pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jáde pẹ̀lú oyè kéré púpọ̀ sí wọn. Àwọn ìwádìí yìí kan náà fi hàn pé ohun tó fa ìyàtọ̀ náà kì í ṣe àìlọ́pọlọ nìkan tàbí àìṣiṣẹ́ kára, nítorí pé níbi tí a bá ti pèsè owó àti amọ̀nà fún wọn, iye àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn máa ń pọ̀ sí i.

Ìtumọ̀ lábẹ́ òfin

Àtúnṣe tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe sí Òfin Ẹ̀kọ́ Gíga ní ọdún 1980 ni ó fi ìtumọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́ sínú òfin ìjọba àpapọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ẹni tí òbí rẹ̀ méjèèjì kò parí ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń gbé, tí òbí náà sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀, òbí yẹn nìkan ni òfin yóò wò.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àti gbogbo olùwádìí ló ń lo ìtumọ̀ yìí. Àwọn kan ń ka ẹni tí òbí rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì díẹ̀ láìparí mọ́ ìran àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn kò kà á mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí iye tí ìwádìí kan bá sọ fi lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní ti owó, àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba tí a mọ̀ sí TRIO ní òṣùwọ̀n tiwọn: ẹni tí owó tí ilé rẹ̀ ń san owó-orí lé lórí kò ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìlà òṣì tí ìjọba fà ni wọ́n ń kà sí ẹni tí owó rẹ̀ kéré.

Ìtàn ní ṣókí

Fún ìgbà pípẹ́, yunifásítì ní Amẹ́ríkà jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ń lọ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Ṣáájú kí ọdún 1956 tó parí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 nínú wọn ti lo owó òfin náà láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tó jagun kò rí àǹfààní náà gbà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun ti rí i gbà, nítorí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà tó gbilẹ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 1964, gẹ́gẹ́ bí apá kan ogun tí Ààrẹ Lyndon Johnson kéde sí òṣì, òfin kan dá ètò Upward Bound sílẹ̀ láti múra àwọn ọmọ tálákà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún yunifásítì. Ní ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, ọdún 1965, Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀kọ́ Gíga ní San Marcos, ìpínlẹ̀ Texas, nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun fúnra rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́. Òfin yìí mú ètò Talent Search wá, ètò kẹta sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1968 fún àwọn tó ti wọ yunifásítì. Láti inú mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ni orúkọ TRIO ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ètò inú rẹ̀ ti ju mẹ́ta lọ báyìí.

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá padà. Ní ọdún 1980, wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Claiborne Pell ti ìpínlẹ̀ Rhode Island pè é, a sì mọ̀ ọ́n sí Pell Grant títí di òní. Láti ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ṣe àjọyọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́, ní ìrántí ọjọ́ tí Johnson fọwọ́ sí òfin náà.

Ìṣòro owó

Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́. Owó ilé, oúnjẹ, ìwé, ọkọ̀ wíwọ̀ àti ìtọ́jú ara wà níbẹ̀, àwọn yìí sì sábà máa ń ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Ní sáà ẹ̀kọ́ ọdún 2024 sí 2025, iye tó ga jù lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí gbà nínú Pell Grant jẹ́ dọ́là 7,395. Ní àwọn ọdún 1970, owó yìí lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ọdún kan ní yunifásítì ìjọba. Lónìí, díẹ̀ ni ó lè gbé níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù, owó àyálò ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fi dí i, tàbí iṣẹ́.

Ìdènà àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ owó ìjọba gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní FAFSA, èyí tó ń béèrè iye tí òbí rẹ̀ ń gbà. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ owó òbí rẹ̀ hàn, ìbáà jẹ́ pé òbí náà kò fún un ní kọ́bọ̀. Òbí tí kò kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀rù ń bà láti fi ìwé owó-orí rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, lè má mọ bí yóò ti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde ní ìparí ọdún 2023 láti mú nǹkan rọrùn, ó pẹ́ kí ó tó jáde, àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ iye tí wọn yóò rí gbà títí ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti yan ilé-ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn èyí, owó náà ní àwọn òfin tirẹ̀ tí àìmọ̀ wọn lè ba nǹkan jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba Pell Grant ju iye sáà méjìlá lọ láyé rẹ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju bí ilé-ẹ̀kọ́ ti là á sílẹ̀ lọ lè pàdánù owó náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí sáà tó gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá, a óò dá apá kan owó ìjọba padà, ilé-ẹ̀kọ́ sì lè yí gbèsè náà sí ọrùn rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tó sáré padà sílé láti tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lè tipa bẹ́ẹ̀ rí i pé òun ti jẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní gbèsè, kò sì ní lè forúkọ sílẹ̀ padà títí yóò fi san án.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà pa ẹ̀kọ́ lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá kọjá ogún wákàtí lọ́sẹ̀, tó sì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ní ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtajà, àkókò ìkàwé àti oorun ló máa ń gé kúrò. Sara Goldrick-Rab, onímọ̀ nípa àwùjọ, tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí wọ́n ń gba Pell Grant ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 2016, Paying the Price, ó ṣàlàyé bí àìtó owó ṣe ń lé àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, àti bí ebi ṣe ń pa àwọn kan nínú wọn.

Ìṣòro ẹ̀kọ́

Ní Amẹ́ríkà, owó-orí ilé àti ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń san ni ó ń gbé apá ńlá nínú ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Nítorí bẹ́ẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní àdúgbò tálákà sábà máa ń ní ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì gíga tí kò pọ̀ tó ti àdúgbò olówó, àwọn olùgbani-nímọ̀ràn rẹ̀ kì í sì í tó fún àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ipò kìíní níbẹ̀ lè dé yunifásítì kí ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ náà rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn.

Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò àbáwọlé ni wọ́n ń ní kí ó tún ẹ̀kọ́ ìṣirò tàbí ìwé kíkọ ti girama ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń san owó fún kíláàsì yìí, ó sì ń jẹ nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á mọ́ ohun tó ń gbani ní oyè. Ẹni tó bá lo ọdún kan nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti ná owó, síbẹ̀ kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ kan dín irú kíláàsì yìí kù, tí wọ́n sì ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹ̀kọ́ gidi pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yíyan ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá jẹ́ ìṣòro. Caroline Hoxby àti Christopher Avery, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tálákà tí máàkì wọn ga gan-an kì í kọ̀wé sí yunifásítì ńlá kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìrànwọ́ tó wà níbẹ̀ lè mú kí ibẹ̀ dín owó fún wọn ju ilé-ẹ̀kọ́ ìtòsí lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí, ìyẹn ìrírí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ni ọmọ tí òbí rẹ̀ lọ yunifásítì máa ń bá nílé. Ní ọdún 1968, Philip Jackson lo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀ Life in Classrooms tó túmọ̀ sí ẹ̀kọ́ tó fara sin: àwọn òfin ìhùwàsí tí ilé-ẹ̀kọ́ ń retí lọ́wọ́ ọmọ láìjẹ́ pé ó kọ́ ọ. Pierre Bourdieu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pe irú ìmọ̀ àti ìwà tí ọmọ ń jogún nílé báyìí ní ọrọ̀ àṣà, nítorí pé ó ń so èso fún ẹni tó ní in bí owó ṣe ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba ni wákàtí tí olùkọ́ ń fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ á kéde ọjọ́ àti àkókò náà, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ohun tí ó wà fún. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kàwé mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń béèrè ìbéèrè, ibẹ̀ ni olùkọ́ sì ti ń mọ ẹni tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ ìran àkọ́kọ́ lè rò pé àkókò tí olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ni, tàbí pé ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ fún nìkan ló ń lọ. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tí wọ́n fi tọ́ ọ tún lè jẹ́ kí ó gbà pé yíyọ ọ̀gá lẹ́nu kò dára. Ohun tó jẹ́ ìwà rere nílé wá di ìdènà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Anthony Abraham Jack ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ The Privileged Poor, tó jáde ní ọdún 2019. Ó fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà ní yunifásítì ńlá pín sí ọ̀nà méjì: àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn olówó, àti àwọn tó ti ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn wá tààrà. Òṣì kan náà ló bá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn àkọ́kọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé oúnjẹ yunifásítì bá tì ní àkókò ìsinmi kúkúrú, ìmọ̀ yẹn kò ràn wọ́n lọ́wọ́: ebi pa àwọn méjèèjì. Ìwé náà tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìṣòro ìmọ̀ yàtọ̀ sí ìṣòro owó, àti pé ojútùú ọ̀kan kò tó fún èkejì.

Ìbáṣepọ̀ láwùjọ àti nínú ẹbí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìran àkọ́kọ́ ló máa ń rò pé àṣìṣe ni wọ́n fi gba àwọn wọlé, àti pé láìpẹ́ àṣírí yóò tú. Bí ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò ìsinmi, tàbí tí wọ́n bá ní kí gbogbo ènìyàn dá owó oúnjẹ alẹ́, wọ́n á fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ láìgba owó, tó ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́ gidi fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò ṣeé ṣe fún ẹni tó gbọ́dọ̀ gba owó ní ìgbà ìsinmi.

Nílé pẹ̀lú, nǹkan kì í rọrùn. Inú òbí á dùn sí ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè má yé wọn ìdí tí ọmọ kò fi lè wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tàbí ìdí tí ẹni tó ń kàwé ní gbogbo ọjọ́ ṣe ní iṣẹ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi apá kan owó ìrànwọ́ wọn ránṣẹ́ sílé láti san owó ilé. Àwọn mìíràn ni ó ń túmọ̀ èdè fún òbí wọn ní ilé ìwòsàn àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀bi a máa dun ọmọ tó ń gbé inú yàrá tó dára nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà nínú ìnira.

Ní ọdún 2012, Nicole Stephens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n rí i pé àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ dá dúró fúnra rẹ̀, kí ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìran àkọ́kọ́ sì wá láti ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn pé ẹnì kan kì í dá ṣe é, pé ìdí ẹ̀kọ́ ni láti ran ẹbí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà fi ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ tó ń yin àjọṣe àti ìrànlọ́wọ́ ara ẹni rọ́pò ti ìdádúró, ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àwọn ọmọ ìran àkọ́kọ́ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pòórá.

Àbájáde

Ní ọdún 2008, Jennifer Engle àti Vincent Tinto gbé ìròyìn kan jáde láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí a fi orúkọ Pell pè. Wọ́n ṣírò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ìran àkọ́kọ́ tí owó ilé wọn sì kéré tó mílíọ̀nù 4.5, ìyẹn nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Láàárín àwọn tí kò ní ìṣòro méjèèjì, ìdá 7 péré ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gba oyè àkọ́kọ́, nígbà tí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní ìṣòro méjèèjì ti gbà á.

Ẹni tó bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kì í padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Gbèsè owó àyálò wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní oyè tí yóò fi wá iṣẹ́ tí yóò fi san án. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó jẹ gbèsè kékeré láìgba oyè ni kì í sábà lè san gbèsè wọn, ju àwọn tó jẹ gbèsè ńlá tí wọ́n sì gba oyè lọ.

Àwọn ètò ìrànwọ́

Ètò TRIO ń pèsè olùkọ́ àfikún, olùgbani-nímọ̀ràn àti àbẹ̀wò sí yunifásítì. Lábẹ́ òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú Upward Bound gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran àkọ́kọ́ tí owó ilé wọn kéré.

Ní ìlú New York, yunifásítì ìjọba ìlú náà, CUNY, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASAP ní ọdún 2007 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ètò náà ń dí àlàfo owó ilé-ẹ̀kọ́, ó ń fún wọn ní owó ìwé àti káàdì ọkọ̀ ọ̀fẹ́, ó sì ń fún wọn ní olùgbani-nímọ̀ràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí léraléra. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí MDRC fi ìbò pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì láti dán ètò náà wò, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú rẹ̀ gba oyè láàárín ọdún mẹ́ta, nígbà tí ìdá 22 péré gbà á nínú àwọn yòókù. Nígbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe irú rẹ̀, àbájáde tó jọ èyí ni wọ́n rí.

Yunifásítì Georgia State ní ìlú Atlanta bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè kékeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2011, nígbà tí ó rí i pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń lé kúrò ní kíláàsì nítorí owó tí kò tó nǹkan, àwọn kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní ọdún 2016, ó tún fi ẹ̀rọ kan tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé lọ́wọ́ láti parí àwọn fọ́ọ̀mù tó kù. Iye àwọn tí kò fara hàn nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé dín kù.

Àríyànjiyàn

Àwọn olùwádìí kan kò fara mọ́ pípe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní aláìní. Ní ọdún 2005, Tara Yosso kọ̀wé pé àwọn ọmọ ẹ̀yà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọrọ̀ tiwọn: sísọ èdè méjì, ìfaradà, ìrètí, àti ẹbí tó gbárùkù tini. Lójú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ó kọ́ láti mọ iyì àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé orúkọ náà gbòòrò jù. Ọmọ olówó tí òbí rẹ̀ kò lọ yunifásítì jẹ́ ìran àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ kò rí bíi ti ọmọ tí ebi ń pa.

Ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn àjèjì tí wọ́n ní oyè yunifásítì jù lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í ṣe ìran àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin, nítorí òfin kò sọ pé oyè òbí gbọ́dọ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, bàbá tó kàwé jáde ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè máa wa takisí ní Houston, kí ó má sì mọ ohunkóhun nípa FAFSA. Ọmọ rẹ̀ ní ìfẹ́ sí ìwé láti ilé, ṣùgbọ́n ètò ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ àjèjì sí i. Ọmọ oníṣòwò tí òbí rẹ̀ kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, ní tirẹ̀, ni òfin kà sí ìran àkọ́kọ́, ó sì lè béèrè ìrànwọ́ TRIO bí ó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú, tí owó ilé rẹ̀ sì kéré.

Àwọn tí a mọ̀

Michelle Obama, tí òbí rẹ̀ méjèèjì kò gba oyè yunifásítì, tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Craig lọ sí Yunifásítì Princeton, ó sì parí níbẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ọdún 2014, nígbà tó jẹ́ aya Ààrẹ, ó dá ètò Reach Higher sílẹ̀ láti gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n tẹ̀síwájú lẹ́yìn girama. Sonia Sotomayor, tí bàbá rẹ̀ kò kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, náà jáde ní Princeton ní ọdún 1976. Ní ọdún 2009, ó di adájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà.